Ọgbọ́n Wo Ló Wà Nínú Tẹ́tẹ́?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a sọ fún àwùjọ ní Palmgrove, Ṣómólú, Ìpínlẹ̀ Èkó

Ẹ̀yin ajẹ́ńtì lọ́tò wà níbí, tí ẹ ti kíóòsì yín pa nírọ̀lẹ́ yìí kí ẹ lè wá gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ nípa iṣẹ́ yín. Mo rí i pé àwọn kan nínú yín ń wò mí tìfura-tìfura. Ẹ fọkàn balẹ̀. Mi ò wá bá ẹnikẹ́ni jà, mi ò sì wá wàásù. Àwọn pásítọ̀ àti àwọn ààfáà wa ti ṣe ìyẹn, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá: bí ènìyàn bá fi owó rẹ̀ ta tẹ́tẹ́, ṣé ọgbọ́n kan wà tó lè lò tí yóò mú kí ohun tó ń bọ̀ wá sọ́wọ́ rẹ̀ pọ̀ sí i, àbí ariwo lásán ni?

N kò ní fi ìdáhùn mi pa mọ́ di ìparí. Ọgbọ́n wà nínú tẹ́tẹ́ tí ẹni tó ń ta á ti ń rí nǹkan kó tó pinnu. Kò sí ọgbọ́n nínú èyí tó ti gbọ́dọ̀ pinnu kó tó rí ohunkóhun. Eré káàdì tí wọ́n ń pè ní blackjack wà ní ìhà kìíní. Lọ́tò Baba Ìjẹ̀bú àti keno wà ní ìhà kejì. Ohun tó kù tí n ó sọ lálẹ́ òní, ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí ni.

ÌPELE KÌÍNÍ: Kí là ń pè ní ọgbọ́n?

Bí a kò bá kọ́kọ́ fẹnu kò lórí èyí, a ó kàn máa bára wa jiyàn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Gbogbo wa la mọ ayò ọlọ́pọ́n. Ilé 12, ọmọ ayò 48, ohun gbogbo wà ní gbangba. Kò sí ohun tí ọ̀ta rí tí ọ̀pè kò rí, síbẹ̀ ọ̀ta á pa á, á tún pa á, títí ọ̀pè á fi dìde ńlẹ̀. Bí wọ́n bá tún padà jókòó lọ́la, bákan náà ni yóò rí. Ọgbọ́n nìyẹn: ìpinnu tí ẹnì kan ṣe, tó yí àbájáde padà, tó sì ń yí i padà lemọ́lemọ́.

Oríire yàtọ̀ sí i. Ẹni tó ta nọ́ńbà lánàá tó sì jẹ, ó ṣoríire, mo bá a yọ̀. Ṣùgbọ́n kò tíì fi ọgbọ́n hàn wá, àfi tí ohun tó ṣe lánàá bá lè jẹ́ kó máa jẹ ju aládùúgbò rẹ̀ tó dijú mú nọ́ńbà tirẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á bi mí pé, orí wá ńkọ́? Mi ò bá orí ẹnikẹ́ni jà. Ọ̀rọ̀ orí jẹ́ ọ̀rọ̀ ohun tó bá ènìyàn. Ohun tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni èmi ń wádìí. Bó bá sì jẹ́ pé orí ló ń yan ẹni tó máa jẹ, kí ló dé tí a tún ń ra ìwé àsọtẹ́lẹ̀?

Òṣùwọ̀n tí n ó máa lò ni 100 náírà. Nínú 100 náírà tí a bá fi ta tẹ́tẹ́ kan, tí a bá ta á títí tó fi di ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà, èló ló ń padà wálé? Ìpinnu tó bá lè sọ iye yẹn di ńlá, ọgbọ́n ni. Èyí tí kò bá lè yí i padà, kì báà jẹ́ pé àgbà ló kọ́ wa, kì í ṣe ọgbọ́n.

ÌPELE KEJÌ: Lọ́tò, bí a ṣe ń ta á àti iye tó ń ná wa

Lọ́tò tí a mọ̀ ládùúgbò yìí kì í ṣe ọmọ àná. Olóyè Kessington Adébùtú, ọmọ Ìpẹ́ru-Rẹ́mọ tí wọ́n bí ní 1935, ló dá Premier Lotto sílẹ̀ ní 2001, lẹ́yìn tó ti pẹ́ nídìí tẹ́tẹ́ púùlù. Baba Ìjẹ̀bú ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà sì ti lẹ̀ mọ́ tẹ́tẹ́ yìí débi pé ẹni tó ń ta ti ilé-iṣẹ́ mìíràn pàápàá á ní Baba Ìjẹ̀bú lòun ń ta. Irú rẹ̀ ti wà ní Ghana láti àwọn ọdún 1960. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà kan fi ń pè é ní Ghana títí di òní, tí orúkọ lọ́tò Ghana bíi Lucky Tuesday, Fortune Thursday àti Bonanza fi yọ̀ mọ́ wa lẹ́nu. Bí a bá tọ ipasẹ̀ rẹ̀ lọ sẹ́yìn, yóò gbé wa dé ìlú Genoa ní Ítálì, níbi tí àwọn ará ìlú ti ń ta tẹ́tẹ́ lórí orúkọ àwọn márùn-ún tí kèké máa mú sínú ìgbìmọ̀ ìlú.

Òfin rẹ̀ kò le. Bọ́ọ̀lù 90 wà nínú ẹ̀rọ, márùn-ún ló máa já. Ẹni tó bá mú nọ́ńbà méjì, tí méjèèjì sì já, ti jẹ two-sure. Iye tí ọ̀pọ̀ ilé lọ́tò wa ń san fún un jẹ́ ìlọ́po 240 owó tí a fi ta á. Fún mẹ́ta, 2,100. Fún mẹ́rin, 6,000. Fún márùn-ún, 44,000.

Ẹ bá mi ṣe ìṣirò kékeré. Bí a bá ń mú nọ́ńbà 90 ní méjì-méjì, oríṣi 4,005 la lè rí. Nọ́ńbà márùn-ún tó já ní méjì-méjì 10 nínú. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé two-sure kan máa ń já lẹ́ẹ̀kan nínú nǹkan bí 400 títa. Ẹni tó fi 100 náírà ta á ní ìgbà 400 ti ná 40,000. Bí ó bá jẹ lẹ́ẹ̀kan, bó ṣe yẹ kó rí, á gba 24,000. 16,000 ti bá a lọ. Nínú 100 náírà, 60 ló ń padà wálé, 40 ló ń lọ.

Èyí tó dára jù nìyẹn o. Mẹ́ta máa ń já lẹ́ẹ̀kan nínú 11,748, ìlọ́po 2,100 ni wọ́n sì ń san: náírà 18 péré ló ń padà nínú 100. Mẹ́rin, lẹ́ẹ̀kan nínú 511,038: náírà kan àti kọ́bọ̀ díẹ̀. Márùn-ún, lẹ́ẹ̀kan nínú 43,949,268. Ohun tó ń padà nínú 100 náírà tí a fi ta márùn-ún kò ju bí 10 kọ́bọ̀ lọ. Bí owó tí wọ́n ṣèlérí ṣe ń ga sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọjà náà ń gbówó lórí sí i, bẹ́ẹ̀ kò sí kíóòsì tí wọ́n kọ ìyẹn sí lára.

Ẹni tó bá létí á ti ní, ṣé ìyàtọ̀ láàárín two-sure àti márùn-ún kò wá jẹ́ ọgbọ́n ni? Ó jẹ́ ọgbọ́n, mo gbà. Kí ènìyàn mọ tíkẹ́ẹ̀tì tó burú jù kó sì sá fún un, ìyẹn nìkan ni ọgbọ́n tó wà nínú lọ́tò. Nínú yíyan nọ́ńbà fúnra rẹ̀, kò sí. Orí èyí ni àríyànjiyàn wà, torí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀.

ÌPELE KẸTA: Àwọn ohun tí a ń pè ní ọgbọ́n nídìí lọ́tò

Àkọ́kọ́ ni pámù, ìyẹn kí a mú nọ́ńbà mélòó kan kí a sì ta gbogbo méjì-méjì inú wọn. Ẹni tó pámù nọ́ńbà márùn-ún ní méjì-méjì rò pé òun ti fẹ àwọ̀n òun. Òótọ́ ni, àwọ̀n náà fẹ̀. Ṣùgbọ́n two-sure 10 ló rà, owó two-sure 10 ló san, ohun tó sì ń padà nínú 100 náírà rẹ̀ ṣì jẹ́ 60. Ẹ wo bánkà náà. A mú nọ́ńbà kan, a fi dojú kọ 89 yòókù, a san owó ìlà 89. Bánkà máa ń já lẹ́ẹ̀kan nínú 18. Ọjọ́ tó bá já, ìlà mẹ́rin ló jẹ, iye rẹ̀ sì jẹ́ 960. Ìlà 89 lọ́nà 18 jẹ́ 1,602. Ẹ fi 960 wé 1,602, ẹ ó tún bá 60 nínú 100 níbẹ̀. Ọ̀nà tí a gbà wọlé yàtọ̀, ilé kan náà la já sí. Ilé lọ́tò kò bìkítà bóyá a pámù tàbí a lo bánkà. Wọn kò pàdánù ohunkóhun nínú rẹ̀.

Ìkejì ni nọ́ńbà tó ti pẹ́. "Láti ọjọ́ kìíní oṣù ni 37 kò ti já, ó ti tó àkókò." Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní àǹfààní 1 nínú 18 ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá yí. Bí a bá ṣe ìṣirò rẹ̀, lẹ́yìn ìyíká 20, bí 29 nínú nọ́ńbà 90 ni kò ní tíì já rárá. Kò sí ohun ìyanu níbẹ̀. Lọ́jọ́kọ́jọ́ tí ẹ bá ṣí ìwé èsì, ẹ ó bá bí ìdá mẹ́ta nọ́ńbà tí gbogbo wọn jọ pé wọ́n ti pẹ́. Bọ́ọ̀lù kò mọ̀ pé òun pẹ́. Lẹ́yìn èsì kọ̀ọ̀kan, gbogbo 90 ló ń padà sínú ẹ̀rọ, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí kò wá síbẹ̀ rí. Ẹ di gbólóhùn yìí mú, torí òun ló máa fi ìyàtọ̀ hàn nígbà tí a bá dé orí káàdì.

Ẹ̀ka ìmọ̀ kan sì wà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pè é ní yunifásítì, tó dá lórí turning àti counterpart, ìyẹn yíyí nọ́ńbà padà àti wíwá ìkejì rẹ̀: 16 já, 61 ń bọ̀, wo èsì ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ibẹ̀ ni èsì ọ̀sẹ̀ yìí wà. Mo bọ̀wọ̀ fún ọpọlọ àwọn tó ń ṣe é. Ẹni tó lè há èsì ọdún mẹ́ta sórí, kì í ṣe òmùgọ̀, ká ní ilé ìfowópamọ́ ló wà ni, wọn ì bá ti sọ ọ́ di ọ̀gá. Ibi tó ń ná ọpọlọ náà sí ló ń dùn mí. Bẹ́ẹ̀ náà ni àlá, nọ́ńbà ọkọ̀ tó ní jàǹbá, ojúlé ilé tí wọ́n ti ṣọmọ lórúkọ. Kò sí aburú nínú kí a fi àlá mú nọ́ńbà, nítorí ọ̀nà kan kò sàn ju èkejì lọ; ohun tó burú ni kí a torí àlá sọ 200 náírà di 20,000.

Ìkẹta ni àwọn tó ń ta two-sure, tí wọ́n ń fi í ránṣẹ́ lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ wọn ti di òwò ńlá, ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀. Méjì-méjì 4,005 ló wà, 10 ló ń já. Ẹni tó bá fi two-sure ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ránṣẹ́ sí ènìyàn 400, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan nínú wọn jẹ. Ẹni yẹn á pariwo, á fi fọ́tò tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ hàn, á sì fi owó ọpẹ́ ránṣẹ́. Àwọn 399 yòókù á dákẹ́, torí kò sí ẹni tó ń ya fọ́tò tíkẹ́ẹ̀tì tó kú. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ̀rí ti wà lọ́wọ́ wòlíì. Ìbéèrè tí mo máa ń fẹ́ kí ẹ bi í kò le: bí two-sure rẹ bá dájú lóòótọ́, kí ló dé tí owó dátà fi ń wọ́n ọ?

Ẹ jẹ́ ká wá wo ẹni tó ní sùúrù, tí kò tẹ̀lé wòlíì, tó mú nọ́ńbà méjì tó ń fi 100 náírà ta á lójoojúmọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, ọdún kan gbáko. Ìgbà 312 ló ta á, 31,200 náírà ló ná. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ 100 bá wà nínú gbọ̀ngàn yìí, bí 46 kò ní jẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí 36 á jẹ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á gba 24,000, wọ́n á se ìrẹsì fún ilé, inú wọn á dùn, wọn kò sì ní mọ̀ pé àwọn ti pàdánù 7,200. Bí 18 ló máa rí èrè. Àwọn 18 yìí là ń gbúròó ní Palmgrove.

ÌPELE KẸRIN: Keno

Keno kò ní dá wa dúró pẹ́, torí ọmọ ìyá lọ́tò ni. Nọ́ńbà 80 ló wà, 20 ló ń já. Ẹni tó ń ta á lè mú ẹyọ kan, ó lè mú tó 10, ilé sì ní tábìlì iye tó ń san fún iye tó bá já. Ẹni tó mú ẹyọ kan ní àǹfààní 1 nínú 4. Níbi tí wọ́n bá ti ń san ìlọ́po mẹ́ta, 75 náírà ló ń padà nínú 100. Ẹni tó mú 10 tó sì fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ já, lẹ́ẹ̀kan nínú 8,911,711 ló máa rí bẹ́ẹ̀. Ó sàn ju lọ́tò lọ lójú ìwé. Àbùkù rẹ̀ ni pé lórí fóònù, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló wà láàárín èsì kan àti òmíràn. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni kí a ka tábìlì ilé kí a tó ta, kí a mọ ibi tí wọ́n ti ń san dáadáa. Nípa nọ́ńbà tí a máa mú, ohun tí mo sọ nípa lọ́tò náà ni: a ti pinnu kí a tó rí ohunkóhun.

ÌPELE KARÙN-ÚN: Káàdì 21 (blackjack)

A ti sọdá odò dé ìhà kìíní tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wa la mọ eré yìí, àwọn tó ń lọ sí kasínò ní Victoria Island ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, kó tó wá di ohun tí ọmọ ọdún ogún ń ta lórí fóònù nínú bọ́ọ̀sì BRT. N ó ṣàlàyé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Káàdì 52 ni. Láti 2 dé 10, iye tó wà lójú káàdì ni iye rẹ̀. Jack, Queen àti King jẹ́ 10 kọ̀ọ̀kan. Ace jẹ́ 1 tàbí 11, bó bá ṣe wúlò fún ẹni tó ni ín. Ohun tí à ń wá ni kí tiwa sún mọ́ 21 ju ti ilé lọ, kó má sì kọjá 21. Wọ́n á fún wa ní káàdì méjì. Ẹni tó ń pín in náà á mú méjì, á ṣí ọ̀kan, á bo ọ̀kan. A lè gbà sí i, a lè dúró. A lè sọ owó wa di ìlọ́po méjì kí a gba ẹyọ kan péré. Bí méjèèjì bá jọra, a lè pín wọn sí ọwọ́ méjì. Bí tiwa bá kọjá 21, a ti kú, ilé ti mú owó wa, kódà bí ti ilé náà bá padà kú lẹ́yìn tiwa. Ibẹ̀ gan-an ni èrè ilé ti ń jáde. Ẹni tó ń pín káàdì kò ní ìpinnu kankan láti ṣe: òfin ní kó máa gbà títí dé 16, kó sì dúró ní 17.

Ẹ kíyè sí káàdì tí ilé ṣí sílẹ̀. Ohun tí lọ́tò kò ní nìyẹn: a rí nǹkan kí a tó pinnu. Bí ilé bá ṣí 6, bí ìgbà 42 nínú 100 ni yóò kú. Bí ó bá ṣí 7, kò ju bí 26 lọ. Nítorí náà ẹni tó ní 16 lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ dúró tí ilé bá ṣí 6, kí ilé pa ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ilé bá ṣí 7, kó gbà sí i, bó tilẹ̀ ń bẹ̀rù. Ìdúró níbẹ̀ ń mú bí náírà 48 lọ nínú 100, gbígbà ń mú bí 41 lọ. Méjèèjì dun ni. Ìyàtọ̀ náírà méje náà, ọwọ́ ẹni tó ń ta á ló wà, kì í ṣe ọwọ́ oríire.

Lọ́dún 1956, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà mẹ́rin, Baldwin, Cantey, Maisel àti McDermott, fi ẹ̀rọ ìṣirò orí tábìlì ṣe àkójọ irú ìpinnu báyìí, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ statistics orílẹ̀-èdè wọn. Kókó rẹ̀ tí a lè há sórí nìyí. Ẹni tó bá ní 17 sókè, láìka Ace sí 11, kó dúró. Láti 13 dé 16, kó dúró tí ilé bá ṣí 2 dé 6, kó gbà tí ó bá jẹ́ 7 sókè. Pẹ̀lú 12, kó dúró sí 4, 5 àti 6 nìkan. Bí ó bá ní 11, kó sọ owó di ìlọ́po méjì tí ilé kò bá ṣí Ace. Ace méjì àti 8 méjì, kó pín wọn. 10 méjì àti 5 méjì, kó má ṣe pín wọn láé. Bí ilé bá ṣí Ace, wọ́n á ní kí ó wá ra ìnṣọ́ránsì: kó kọ̀ ọ́. Ìlọ́po méjì ni wọ́n ń san fún un, bẹ́ẹ̀ nínú káàdì 51 tó kù lẹ́yìn Ace náà, 16 péré ló ń jẹ́ 10, kò tó ìdá mẹ́ta. Ace àti 10 lẹ́ẹ̀kan náà yẹ kó gba 150 lórí 100. Tábìlì tó bá ń san 120, kó dìde níbẹ̀.

Ẹni tó bá tẹ̀lé èyí láìyẹ̀, níbi tí òfin tábìlì bá dára, bí 99 náírà àti 50 kọ́bọ̀ ló ń padà sọ́wọ́ rẹ̀ nínú 100. Ẹni tó ń tẹ̀lé bó ṣe ń ṣe é nínú ń pàdánù bí náírà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ọ̀ta àti ọ̀pè ti yàtọ̀ síra. Ọgbọ́n wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Ní 1962, Edward Thorp, olùkọ́ ìṣirò, gbé ìwé Beat the Dealer jáde. Ó fi hàn pé ẹni tó bá ń ka àwọn káàdì tó ti jáde lè gba ọwọ́ òkè lọ́wọ́ ilé. Ẹ rántí gbólóhùn tí mo ní kí ẹ dì mú. Bọ́ọ̀lù lọ́tò ń padà sínú ẹ̀rọ. Káàdì tó ti jáde kò ní padà títí wọ́n á fi pò ó. Àná kò ní ohunkóhun láti sọ fún wa nínú lọ́tò, ṣùgbọ́n nínú káàdì, ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn ń sọ̀rọ̀. Ọgbọ́n tí àwọn àgbà wa ń lò sórí ìwé èsì lọ́tò, káàdì ló yẹ kí wọ́n lò ó fún! Àwọn kasínò kò sì fọwọ́ lẹ́rán. Wọ́n sọ káàdì 52 di ìdì mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, wọ́n ń pò ó léraléra, ẹni tí wọ́n bá sì fura sí, wọ́n á ní kó máa lọ. Lórí fóònù, níbi tí kọ̀ǹpútà ti ń pò ó lẹ́yìn gbogbo ọwọ́, kíka kò wúlò mọ́ rárá.

ÌPELE KẸFÀ: Iyára

Ẹnì kan á ní, ó dára, kí gbogbo wa fi lọ́tò sílẹ̀ ká lọ ta káàdì. Ẹ má yára. 50 kọ́bọ̀ nínú 100 kéré, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta two-sure lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ ń pàdánù náírà 40, ó parí. Ẹni tó ń ta káàdì lórí fóònù lè ta ọwọ́ 200 láàárín wákàtí kan, 20,000 náírà á ti gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, 100 á ti lọ bó bá jẹ́ ọ̀ta, 400 tàbí jù bẹ́ẹ̀ bó bá jẹ́ ọ̀pè. Lẹ́yìn náà ni yóò gbọ́ nípa ìlọ́po: bí o bá pàdánù 100, ta 200, bí o bá pàdánù 200, ta 400. Lẹ́yìn ìpàdánù 10 tẹ̀léra, 102,300 náírà ti lọ, yóò sì nílò 102,400 láti ta ìkọkànlá, kó lè jèrè 100 péré. Tábìlì ti máa ń fi ààlà sí iye tí a lè ta kó tó dé ibẹ̀. Ọgbọ́n inú káàdì ń dín ìpàdánù kù, kò sọ ọ́ di owó oṣù.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìjọba. Lọ́jọ́ 22 oṣù kọkànlá 2024, nínú ẹjọ́ tí Ìpínlẹ̀ Èkó ti pè láti 2008, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ wọ́gi lé òfin lọ́tò ti ìjọba àpapọ̀ tó jáde ní 2005, wọ́n ní ìpínlẹ̀ ló láṣẹ lórí lọ́tò. Àṣẹ náà ti wà lọ́wọ́ Èkó. Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ àjọ tó ń bójú tó lọ́tò ní ìpínlẹ̀ yìí kò pọ̀: kí wọ́n pàṣẹ pé lára gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì, àti lójú gbogbo fóònù tí a fi ń ta á, kí a kọ iye tó ń padà nínú 100 náírà, ní Yorùbá, ní lẹ́tà tó tóbi tó nọ́ńbà. Two-sure, 60. Mẹ́ta, 18. Mẹ́rin, 1. Oúnjẹ inú agolo ní iye àti ọjọ́ lára. Lọ́tò kò ní. Bí ọ̀rọ̀ bá sì di ti títẹ̀ ẹ́, àwọn onítẹ̀wé wa ní Òpópónà Shipeolu á ti ṣe é tán kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Mo ti rí ọwọ́ mẹ́ta tó wà lókè láti ìgbà tí mo ti mẹ́nu kan bánkà. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ màmá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.